Lẹ́tà sí Àbúrò Mi Tó Ń Fẹ́ Onílù Ẹgbẹ́ Wọn

Àbúrò mi,

O kú ìrìn, o kú àìsùn. Ọ̀rọ̀ ti dé Ilé-Ifẹ̀ pé ìwọ akọrin àti onígángan ẹgbẹ́ yín ń fẹ́ra. Kò bí mi nínú. Àwọn tó ń jọ ṣeré kiri ń ríra ju tọkọtaya míì lọ. Fẹlá fẹ́ obìnrin 27 lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 1978, akọrin àti oníjó ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì pọ̀ nínú wọn. (Mi ò ní kẹ́ ẹ wo tìyẹn ṣe o.)

Inú bọ́ọ̀sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kúrò ní Iléṣà, ẹ dojú kọ Àkúrẹ́, ẹ́ńjìnnì ń ké, fèrèsé ṣí, ẹ̀yin méjèèjì sì jókòó pọ̀, ẹ ń tàkúrọ̀sọ. Ẹni tó ń bá ariwo mọ́tò du ọ̀rọ̀, igbe ló ń ké láìmọ̀. Bó bá máa fi di òru, ohùn òkè á ti há. Má sì rò pé kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ló sàn, torí ọ̀fun tó ti rẹ̀, wúyẹ́wúyẹ́ àfipáṣe tún ń dá kún un ni. Ìwọ jókòó síwájú, kóun wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìlù rẹ̀. Ẹ ó ríra bẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀.

Ní ti ìlù yẹn, mọ ìwà rẹ̀ kó o lè mọ ìwà ẹni tó ni ín. Awọ ni ojú rẹ̀ méjèèjì, ọṣán ló so wọ́n pọ̀. Bí ìrì bá sẹ̀ tàbí òjò bá ṣú, awọ á dẹ̀, kó máa fi abíyá há a títí, ohùn ò ní gòkè. Á wá oòrùn tàbí iná tó jìnnà díẹ̀ yá a sí. Bó bá sún mọ́ iná jù, awọ ya nìyẹn. Nítorí náà, bó bá dákẹ́, tó ń fọwọ́ pa ojú ìlù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré, má bi í pé kí lo ṣe fún un. Awọ ló ń bá jà.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìwọ ló ń bá jà, etí rẹ ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Gángan kì í pe ọ̀rọ̀, ohùn ọ̀rọ̀ ló ń gbé jáde. Ọkọ, ọmọ, aya, bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dún lójú ìlù. Ó lè bú ọ níwájú igba èèyàn, kó ní olóde lòun ń kì, ta ló máa mú un? Èyí tó tún burú ni pé á máa já wọ inú orin rẹ kó o tó parí ìlà, ìwọ á sì máa sáré mí. Ẹ parí ìjà kẹ́ ẹ tó dán máìkì wò. Bí kò bá parí, ọ̀gá ẹgbẹ́ ni kó o máa wò fún àmì ìgbà tó o máa wọlé, má wo ojú ẹ̀.

Owó ń tú àwọn tó ń fẹ́ra nínú ẹgbẹ́ ká ju panṣágà lọ. Kí màníjà máa fún kálukú ní tiẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó gbéra: owó tí wọ́n ná fún un nígbà tó lọ lùlù níwájú olówó, ṣé àpò ẹgbẹ́ ló ń lọ, àbí tiẹ̀ ni? Bó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, má bá a tọ́jú kọ́bọ̀ lóru. Ojú gbogbo yín ni kó ti bọ́ sápò, ká tó yọ owó epo, owó dẹ́rẹ́bà àti ti jẹnẹrétọ̀.

Ẹ fẹnu ara yín sọ fún ọ̀gá. Yàrá àwọn obìnrin ni kó o máa sùn títí àwọn ará ilé á fi mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wá ṣeré nífẹ̀ níbí, ẹ yà nílé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ẹ́, o mọ ohun tí mo máa gún. Òkèlè díẹ̀ ni tìrẹ o, ikùn tó kún kì í jẹ́ kí èémí gùn. Kóun náà gbé ìlù wọlé, kó má fi sínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n tì pa lójú oòrùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ