Ẹ béèrè ìwọ̀n ìyá fúnra rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ní ilé ìwòsàn aboyún, wọ́n máa ń béèrè ọjọ́ orí aláboyún àti iye ọmọ tó ti bí, ṣùgbọ́n ṣàṣà ni ibi tí wọ́n ti ń béèrè bí òun fúnra rẹ̀ ṣe tóbi tó nígbà tí wọ́n bí i. Ìwádìí sì ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún máa ń pọ̀ láàárín àwọn obìnrin tí wọn kò tó kílò 2.5 nígbà ìbí ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀kan lára ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn rò pé ó fà á ni pé asẹ́ tín-tìn-tín inú kíndìnrín ọmọ tí kò dàgbà tó nínú ikùn sábà máa ń kéré níye, kì í sì í pọ̀ sí i bó bá di àgbà, bẹ́ẹ̀ oyún a máa dá kún iṣẹ́ kíndìnrín. N kò sọ pé gbogbo ẹni tí wọ́n bí ní kékeré ni yóò ní àìsàn yìí. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń bímọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa, pàápàá àwọn tí wọ́n bí sílé, ni kò ní àkọsílẹ̀ ìbí kankan. Nítorí náà, kí àwọn ìyá tọ́jú káàdì ìbí ọmọbìnrin wọn títí yóò fi délé ọkọ.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.