Wálé, Má Fi Owó Àjọ Ra Nọ́ńbà

Adéwálé Àkànní, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ. Àlàáfíà la wà níbí. Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, ó ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Bódìjà láti ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí fóònù lálẹ́ Sọ́ńdè ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí. O ní kí n yá ọ ní ₦30,000. Mo bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe, o ní ọkùnrin kan lórí WhatsApp fẹ́ ta "two sure" fún ọ ní ₦80,000, ìyẹn nọ́ńbà méjì tó ní dandan ni kó jáde, pé inú ọ́fíìsì lọ́tò ló ti ń ṣiṣẹ́, àti pé o ti san ₦15,000 fún un tẹ́lẹ̀ láti fi wọ gúrúùpù rẹ̀. Mo ní níbo ni ₦50,000 yòókù ti ń bọ̀. O dákẹ́. Ó pẹ́ kí o tó sọ pé owó àjọ àwọn mẹkáníìkì tó wà lọ́wọ́ rẹ ni, pé wàá ti dá a padà tó bá fi máa di Mọ́ńdè.

Wálé, mo bẹ̀ ọ́, má fọwọ́ kan owó yẹn.

Má rò pé nítorí pé mo dàgbà ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa lọ́tò, ìdí tábìlì tí mo ti ń kọ ọ́ fún àwọn èèyàn ni mo ti mọ̀ ọ́n, gbogbo rẹ̀ ni mo sì máa sọ fún ọ, títí kan èyí tí mo ti ń fi pamọ́ láti kékeré rẹ.

O ní ohun tó jẹ́ kí o gbà á gbọ́ ni pé nọ́ńbà tó kọ́kọ́ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, 37, wọlé ní Sátidé náà gan-an. Mo gbà pé ó wọlé. Wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nọ́ńbà 90 ló wà nínú géèmù yẹn, márùn-ún ló ń jáde. Ká ní ọkùnrin yìí wá èèyàn 90, ó fún ẹni àkọ́kọ́ ní 1, ó fún ìkejì ní 2, ó ń pín in lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé 90. Ó wá sọ fún kálukú wọn pé, "Ìwọ nìkan ni mo fún o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́." Tó bá fi máa di alẹ́ Sátidé, àwọn márùn-ún kan á ti máa fò sókè nínú ilé wọn. Dandan ni, torí kò sí nọ́ńbà tó lè jáde tí kò ti sí lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọkùnrin náà kò mọ nǹkan kan, kò sì pọn dandan kó mọ nǹkan kan. Àwọn 85 tó kù á bú u, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀. Àwọn márùn-ún yẹn ló máa pè é padà, àwọn náà ló máa sanwó. Ìwọ bọ́ sáàárín àwọn márùn-ún, ọmọ mi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí tó fi ní kí o pa ẹnu mọ́ nìyẹn. Tí gbogbo yín bá lè jókòó pọ̀, kí kálukú mú nọ́ńbà tó gbà ní Sátidé yẹn jáde, ọ̀rọ̀ á tán lójú ẹsẹ̀. O sì sọ fún mi pé òun nìkan ló lè kọ nǹkan sínú gúrúùpù náà, pé kíkà lásán ni tiyín. Fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì àti àlẹ́ẹ̀tì báńkì tó ń gbé síbẹ̀ lójoojúmọ́, ta ni nínú àwọn tó ni wọ́n tí o mọ ilé rẹ̀?

"Two sure" tó fẹ́ tà yìí náà, jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú nọ́ńbà 90, ọ̀nà 4,005 ló wà tí èèyàn lè gbà so nọ́ńbà méjì pọ̀. Nínú márùn-ún tó jáde, ọ̀nà mẹ́wàá péré ló wà. Ìyẹn ni pé nínú nǹkan bí 400 èèyàn tó ta two direct, níbi tí nọ́ńbà méjèèjì ti gbọ́dọ̀ jáde, ẹnì kan ló ń jẹ, ìlọ́po 240 owó rẹ̀ la sì máa ń san fún un. Bí 400 èèyàn bá ta ₦100 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦40,000 ló wọlé. Ẹni tó jẹ gba ₦24,000, ₦16,000 tó kù kò sì padà sọ́dọ̀ yín mọ́. Lọ́tò tí kò ní màgòmágó kankan nínú nìyẹn o, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ olè.

O bi mí pé ṣé kò sí ẹni inú ọ́fíìsì tó lè mọ nọ́ńbà ṣáájú ni. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ní Amẹ́ríkà, Eddie Tipton ni olórí ètò ààbò kọ̀ǹpútà ní àjọ tó ń bá ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣe lọ́tò. Ó dọ́gbọ́n sí kọ̀ǹpútà tó ń mú nọ́ńbà jáde, débi pé láwọn ọjọ́ kan nínú ọdún, ó lè mọ àwọn nọ́ńbà tó ṣeé ṣe kó jáde. Ní December 2010, ó wọ aṣọ onífìlà, ó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ilé epo kan ní ìpínlẹ̀ Iowa. Tíkẹ́ẹ̀tì náà jẹ mílíọ̀nù 16.5 dọ́là, síbẹ̀ kò sí ẹni tó rí owó náà gbà. Kámẹ́rà ilé epo ti ká a mọ́bẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ní 2017 wọ́n dá ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 25 fún un. Ẹni tó mọ nọ́ńbà lóòótọ́ nìyẹn, Wálé. Ọmọ ìyá rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ fún. Kò wá àjèjì kiri pé kí wọ́n wá san ₦80,000. Ẹni tí nọ́ńbà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi owó àjọ mẹkáníìkì Ìkòròdú ṣe?

Èyí tó ṣòro fún mi láti kọ ló kàn báyìí.

Nígbà tí o wà ní pírámárì, o máa ń bi ìyá rẹ pé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dà. A ní ó bàjẹ́. Kò bàjẹ́.

Mo ń kọ lọ́tò ní Mọ́kọ́lá nígbà náà, pẹ̀lú tábìlì àti agbòòrùn, kí màṣíìnì kéékèèké tó dé. Ọwọ́ la fi ń kọ ọ́, a máa ń fi kábọ̀n sáàárín ìwé méjì. Ìyá kan ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láràárọ̀ ló ń mú ₦50 wá, epo àkàrà á ti rin owó náà gbindin, á ní, "Bàbá Wálé, bá mi kọ 11 àti 48." Kò yí i padà rí. Kò mọ̀wé. Nígbà tó pẹ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kí ni mo ń fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì fún. Mo wá ń kọ tirẹ̀ sórí bébà lásán, mo ń ki ₦50 náà sápò. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jẹ owó ìyá náà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, 11 àti 48 jáde. ₦12,000. Ẹnì kan ti bá a ka èsì náà lójú ọ̀nà. Ó sáré wá, ẹ̀wà lílọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó na bébà náà sí mi. Mo wojú rẹ̀, mo ní, "Màmá, bébà àná lèyí. Tòní kò sí níbí." Ó gbà. Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn, pé ó gbà. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é lọ́jọ́ mìíràn," ó padà sídìí agbada rẹ̀.

Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá rẹ bi mí títí mo fi jẹ́wọ́. Kò pariwo. Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ tà, ó fi owó náà kún ìwọ̀nba tó wà nílé, ó ní kí a jọ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada epo, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ìyá náà ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó so ó mọ́ etí ìró. Kò bú mi. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá rán ọ lọ ra àkàrà, á kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ kó tó dá ọ lóhùn.

O ní ọkùnrin orí WhatsApp yẹn ń sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí, pé ó máa ń gbàdúrà fún ọ kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èmi náà máa ń gbàdúrà fún ìyá alákàrà, Wálé. Láràárọ̀. Àwọn mẹkáníìkì tó sì ń kó owó sí ọ lọ́wọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyá alákàrà ni mo rí nígbà tí o dárúkọ wọn.

₦15,000 tí o ti san, fi ọkàn sí i pé ó ti lọ. Má pa àwọn ọ̀rọ̀ tó kọ sí ọ rẹ́. Mú wọn àti nọ́ńbà àkáǹtì tí o sanwó sí lọ bá báńkì rẹ àti ọlọ́pàá. Òfin wà tó de irú ìjìbìtì yìí, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní 419. Tí ẹnì kan bá tún pè ọ́ pé òun lè bá ọ gba owó náà padà bí o bá lè san díẹ̀ ṣáájú, pa fóònù. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọkùnrin onílé ni ọ́, mi ò lè fi pàṣán lé ọ kúrò nídìí lọ́tò. Tí o bá máa ta á, kó jẹ́ owó ara rẹ, kó má sì jẹ́ owó oúnjẹ. Má gba bébà tí wọ́n fọwọ́ kọ. Jẹ́ kí màṣíìnì tẹ tíkẹ́ẹ̀tì jáde lójú rẹ, ka nọ́ńbà àti ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ níbẹ̀, kí o sì kọ orúkọ rẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o yẹ èsì wò. Bàbá àgbà kan ní Ontario ní Kánádà, Bob Edmonds, gbé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní 2001 kí wọ́n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. $250,000 ló jẹ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ló lọ gba owó náà, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi jà kí ilé iṣẹ́ lọ́tò tó gbọ́ tirẹ̀. Tí ẹ́jẹ́ńtì bá sì rẹ́ ọ jẹ, ìjọba ìpínlẹ̀ ni kí o lọ bá, torí láti November 2024 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti sọ pé ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lọ́tò wà.

Mi ò ní fi ₦30,000 náà ránṣẹ́. Wá sí Ìbàdàn ní Sátidé, kí o tètè kúrò nílé. Mú ìwé àjọ àti owó rẹ̀ dání, kí a jọ kà á. Ìyá rẹ á ro àmàlà sílẹ̀. Tí o bá dé, bi í léèrè ẹ̀rọ ìránṣọ náà. Mo ti sọ fún un pé mo ti kọ ọ́ sí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ.