Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ kí ó tó lọ síbi ìwọ́de

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. O ní ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ jáde ìwọ́de, pé kí n má sọ fún bàbá rẹ. Mo ti sọ fún un. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní kí n kọ̀wé sí ọ, nítorí èmi ni mo ti jáde ìwọ́de rí.

Ọmọ ọdún 6 ni ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012. Nígbà tí a sùn lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, 65 náírà ni lítà epo bẹntiróòlù kan. Ilẹ̀ ọdún tuntun mọ́, ó di 141. Ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó tó ń san fún àwọn tó ń kó epo wọlé kí epo má bàa wọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, owó ọkọ̀ tí mo fi ń kó tòmátì láti Mile 12 ti di ìlọ́po méjì. Ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 9 oṣù kìíní, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, èmi náà ti ìsọ̀ mi pa, mo gba Ọ̀jọ́ta lọ ní Èkó, sí ọgbà Gani Fawehinmi.

Mo bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó wọ kóòtù, tó fi bàtà rẹ̀ há abíyá, tó ń pín omi inú ọ̀rá fún àwọn ọmọ ìgboro tí kò mọ̀ rí. N kò tíì gbàgbé ojú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ọlọ́pàá kan yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ògbà. Ìyẹn náà, fi í sọ́kàn.

Nígbà tó di ọjọ́ 16, àwọn sójà ti gba Ọ̀jọ́ta, ìjọba sì ní epo ti di 97 náírà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ká padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo padà tayọ̀tayọ̀ pé a rí nǹkan gbà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe, Àbẹ̀kẹ́, òun ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ẹ̀yìn tí a kúrò lójú títì tán ni ọ̀rọ̀ gan-an tó tú síta. Ní oṣù kẹrin, ìgbìmọ̀ ilé aṣojú-ṣòfin gbé àbọ̀ ìwádìí jáde. Iléeṣẹ́ díẹ̀ ló ń kó epo wọlé gba owó ìrànwọ́ ní 2006. Ní 2011, wọ́n ti di 140. Bílíọ̀nù 245 náírà ni wọ́n kọ sínú ìṣúná 2011 fún owó ìrànwọ́ náà, ohun tí ìgbìmọ̀ rí pé ó jáde lé ní tírílíọ̀nù 2.5. Wọ́n tún rí i pé láàárín wákàtí 24 péré ní oṣù kìíní 2009, wọ́n san mílíọ̀nù 999 náírà nígbà 128. Èmi tí mo ń ka 200 náírà àjọ mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fà á lé alájọ lọ́wọ́!

Alága ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀, Farouk Lawan, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 2021 pé ó gba ẹgbẹ̀rún 500 dọ́là lọ́wọ́ oníṣòwò epo kan, kó lè yọ orúkọ iléeṣẹ́ onítọ̀hún kúrò lára àwọn tí ìgbìmọ̀ fẹ̀sùn kàn.

Nítorí náà, lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé iye díẹ̀ kúrò fún yín, ẹ má tíì tú ká nínú ọkàn yín. Ẹ bèèrè iléeṣẹ́ wo ló jẹ èrè, ta ló ni ín, ta ló gbówó ìbò sílẹ̀ fún ta. Òfin ti wà láti 2011 tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ìwọ lo kàwé. Kọ lẹ́tà yẹn, kí o sì máa bi wọ́n léèrè títí.

Bí ẹ bá rí ẹni tó ń fọ́ ìsọ̀, ẹ tètè yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá tó ni ìsọ̀ yẹn kọ́ ló kó epo wọlé.

Fi báírò kọ nọ́ńbà mi àti ti bàbá rẹ sára apá, torí fóònù lè sọnù. Wọ bàtà tó ṣeé fi sáré. Pè mí kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò ní jẹun títí màá fi gbóhùn rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ