Bàámi, omi inú àpáta ló dá owó òrùlé dúró

Bàámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Àlàáfíà ni mo wà. Mo gbọ́ ohùn yín lórí WhatsApp, mo sì gbọ́ ìbínú inú rẹ̀. Ẹ ní owó òrùlé yín kò tíì dé, pé omi wo ló lè dá iṣẹ́ wa dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kànga ní Àkúrẹ́ lójoojúmọ́. Bàámi, ẹni tó ń gbẹ́ kànga, omi ló ń wá. Àwa tó ń gbẹ́ ihò ọ̀nà gba inú àpáta lábẹ́ òkun, à ń lé e ni.

Àpáta ibi tí a dé yìí kì í ṣe irú ti Ìdànrè. Ó ti fọ́ wẹ́wẹ́, amọ̀ wà láàárín rẹ̀, òkun sì wà lórí wa. Omi tó bá ga tó mítà 200 lórí ènìyàn, bar 20 ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Táyà mọ́tò yín kò ju bar 2 àti ààbọ̀ lọ. Bí a bá fi ẹ̀tù fọ́ irú ibẹ̀ láì kọ́kọ́ dí i, á wó lé wa lórí.

Nítorí náà, ihò ìdánwò 4 sí 6 la kọ́kọ́ ń lu síwájú, mítà 20 sí 25, a ó sì wọn iye lítà omi tó ń jáde ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ti pọ̀ jù, a ó lu ihò 30, nígbà míì 60, yí ojú iṣẹ́ ká, kí wọ́n fẹ̀ síta bí ẹnu agbọ̀n. A ó ki rọ́bà bọ ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi mítà 2 sínú, kí pọ́ńpù tó ti sìmẹ́ńtì wọlé. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n lọ̀ kúnná gan-an ni. Èyí tí ẹ fi mọ ilé yín kò lè wọ ibi tó là tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ sókè, kí sìmẹ́ńtì máa lé omi síwájú. A lè kọ́kọ́ pò ó ní kílò omi kan sí kílò sìmẹ́ńtì kan. Bí ihò bá ń mu ún ṣáá tí agbára pọ́ńpù kò gòkè, a ó mú un ki. Bí agbára náà bá sì pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ á ya àpáta.

Ibẹ̀ ni ọjọ́ ń lọ sí. Sìmẹ́ńtì lè gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tú padà síta, a ó dúró kó dì. Lẹ́yìn náà, a ó lu ihò àyẹ̀wò. Bó bá ṣì ń jò, ó di àtúnṣe. A kò lè sọ pé a ó gbẹ́ ẹ tán ká tó dí i: bí ẹ bá dí ibì kan nígbà yẹn, omi á gba ibòmíràn yọ.

Sìmẹ́ńtì kì í sì wọnú amọ̀. Ibi tí amọ̀ bá wà, irin gígùn mítà 6 la ń tò léra wọn pẹ́kípẹ́kí sí òkè orí, a ó fi ẹ̀tù fọ́ mítà 2 lẹ́ẹ̀kan dípò 5, a ó sì fọ́n kọnkéré sí i lójú ẹsẹ̀. Iye mítà tí a bá gbẹ́ ni wọ́n sì fi ń ka àjẹmọ́nú wa. Ṣé ẹ ti rí i báyìí?

Mo ti fi ìdajì owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì Bùnmi láàárọ̀ yìí. Ìyókù di ìgbà tí a bá kọjá ibẹ̀, ó ń bọ̀ dájú. Kí káfíńtà ra pákó ná, ẹ má jẹ́ kó gba páànù láwìn.

Bàámi, ta ló sọ fún yín pé mo ra mọ́tò?

Ọmọ yín,
Dàpọ̀