Owó Ọkọ̀ Háyà ní Lọ́ńdọ̀nù Ju Èyí Tí Ẹ Kọ Lọ

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí ìsinmi, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti gba àwọn ìdílé tó ń ti Àbújá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù níyànjú pé kí wọ́n háyà ọkọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, kí wọ́n sì máa fúnra wọn wà á kiri ìgboro, torí pé ó dín owó kù fún bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta. Ẹ má bínú, ìṣirò náà kò pé.

Àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2026, pọ́ùn 18 ni ọkọ̀ tó bá wọ ibẹ̀ ń san lójúmọ́, láti aago méje àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àmọ́ láti aago méjìlá ọ̀sán ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú. Kò sí géètì kankan níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò na ọwọ́ gba owó. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, awakọ̀ ni yóò sì wá ọ̀nà san án kí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọjọ́ tó wọ ibẹ̀ tó parí, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwé ìtanràn yóò lọ bá ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀, àwọn náà yóò sì fi orúkọ ẹni tó háyà rẹ̀ ránṣẹ́, tàbí kí wọ́n yọ owó náà lórí káàdì rẹ̀ pẹ̀lú owó iṣẹ́ tiwọn. Onítọ̀hún lè ti padà sí Gwarinpa kó tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ káàdì yìí gan-an ni òǹkọ̀wé yín kò fẹnu bà rárá. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kò ní gbé kọ́kọ́rọ́ fún ènìyàn láìjẹ́ pé ó ní káàdì kírẹ́díìtì, èyí tí báńkì fi ń yáni lówó, tó ń jẹ́ orúkọ awakọ̀ fúnra rẹ̀, tí wọn yóò fi de owó ìdógò mọ́lẹ̀. Káàdì ATM tí púpọ̀ nínú wa ní kì í sábà tó.

Ní ti ìwakọ̀, apá òsì ni wọ́n ń gbà, bí a ti ń ṣe nílẹ̀ yìí títí di ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ojú títì tó gùn gbọọrọ kì í pẹ́ mọ́ni lára. Ráńdábáòtù ló léwu, nítorí apá òsì ni a ó yà sí, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀tún la ó sì jẹ́ kó kọjá. Wọ́n tún fi ọ̀dà yẹ́lò fa ìlà bí àwọ̀n sí àwọn oríta kan, ènìyàn kò sì gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ bí iwájú kò bá ṣí sílẹ̀. Àwa tí a ń gba oríta Berger ní Àbújá kọjá nírọ̀lẹ́ mọ̀ pé ẹni tó bá dúró de irú àyè bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, ibẹ̀ ni ilẹ̀ yóò ṣú sí i.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í san owó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ bí àgbà tó sanwó bá wà pẹ̀lú rẹ̀, títí dé ọmọ mẹ́rin. Bí àwọn ọmọ mẹ́ta inú ìṣirò yín bá kéré tó bẹ́ẹ̀, ènìyàn méjì péré ló ń sanwó. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí Wales tàbí Scotland, kí wọ́n háyà ọkọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń kúrò ní ìgboro.

Bí ẹ bá tún máa gbé ìmọ̀ràn náà jáde kí àwọn ọmọ iléèwé tó gba ìsinmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi owó àárín ìlú àti ọ̀rọ̀ káàdì kún un.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Kubwa, Àbújá