Àdùkẹ́, mo fẹ́ padà sílé ìwé

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara àwọn ọmọ le? Àwa náà wà, ẹsẹ̀ tó máa ń wú mi lẹ́yìn iṣẹ́ òru nìkan ni kò gbọ́ràn.

Ṣé o rántí ọmọdébìnrin tí èmi àti ìwọ jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá iṣan láti fa omi sí aláìsàn lára? Òun ni ọ̀gá wọ́ọ̀dù wa báyìí o! Másítà ló gbà. Mo kí i kú oríire, àmọ́ eyín ló rẹ́rìn-ín, ọkàn ò bá a rìn. Ó mọṣẹ́ lóòótọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibi tí ìrírí nìkan lè gbé èèyàn dé nínú iṣẹ́ yìí, mo ti débẹ̀.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé ìwé tí mo ti lè gba másítà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún méjì ni fún ẹni tí kò ní iṣẹ́ míì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á lò tó mẹ́ta, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì ló ń sáré lọ sí nurse practitioner, kí wọ́n lè máa ṣàyẹ̀wò, kí wọ́n sì máa kọ oògùn níbi tí òfin bá ti gbà á. Àjọ àwọn nọ́ọ̀sì lágbàáyé, ICN, ti sọ ọ́ lọ́dún 2020 pé másítà ló yẹ kó kéré jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti ìṣàkóso ńkọ́? Ìpàdé, ìpàdé, ìpàdé! O mọ̀ mí. Ká kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dákú bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ ló wù mí jù.

Àmọ́ statistics, ẹ̀kọ́ ìṣirò tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ń bà mí lẹ́rù. Ọkọ mi ní kí n lọ. Ìgbà tí mo bi í pé ta ni á máa tọ́jú àwọn ọmọ bí mo bá ń kàwé, fóònù ló gbójú lé. Ìwọ tí o ṣe DNP, oyè dókítà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ní Amẹ́ríkà, báwo lo ṣe ṣe 1,000 wákàtí iṣẹ́ àfọwọ́ṣe yẹn tí o kò fi wó lulẹ̀?

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú bàbá mi, ó ti ń ríran. Ẹni tó máa ń sùn ní kíláàsì ti bí ìbejì.

Àdùkẹ́, ilé ìwé ń béèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe olórí mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sì ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ ní ìparí oṣù yìí. Jọ̀ọ́, bá mi kọ ọ́. Má kọ pé mo níwà tútù, wọn ò ní gbà ọ́ gbọ́. Kọ nípa òru ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n má dé ibi tá a ti ń rẹ́rìn-ín.

Tètè dá mi lóhùn, kí ọkàn mi má baà yí padà.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́