Aláìsàn kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn Gẹ̀ẹ́sì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ń lọ lo sáà kan ní yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè. Ibì kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbé mì: ẹ ní ẹni tó bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò níṣòro, torí òun ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ọ̀pọ̀ ibi báyìí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó lọ kọ́ ìṣirò. Kíláàsì ìṣègùn lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀, ẹni tó dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn Gẹ̀ẹ́sì.

Jámánì ni mo ti ṣe tèmi. Mo ti kọ́ èdè wọn dé ìpele B2, ìyẹn ìkẹrin nínú ìpele mẹ́fà, mo sì rò pé mo ti gbó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, dókítà ní kí n lọ bi màmá àgbàlagbà kan léèrè ohun tó ń ṣe wọ́n. Màmá ní Kreislauf àwọn wà nínú Keller. Mo mọ̀ pé Kreislauf ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ká ara, Keller sì ni yàrá abẹ́ ilé. Mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé màmá ṣubú ní yàrá abẹ́ ilé. Mo tún bi wọ́n pé àtẹ̀gùn mélòó ló wà níbẹ̀! Nọ́ọ̀sì tó ń pààrọ̀ omi tí wọ́n fà sí ẹni orí ibùsùn kejì lára rẹ́rìn-ín títí kó tó là mí lóye: òòyì ló ń kọ́ màmá, bíi kí wọ́n dákú. Tẹrú-tọmọ ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí nínú ìwé tí mo fi kọ́ èdè. Ká ní nọ́ọ̀sì yẹn ò sí nítòsí ńkọ́? Bóyá à bá ti máa ya àwòrán egungun ìbàdí ẹni tí kò ṣubú.

Ọ̀rọ̀ ìrora ló tilẹ̀ le jù. Èyí tó ń gúnni láyà nígbà tí a bá mí sínú yàtọ̀ sí èyí tó ń tẹni láyà mọ́lẹ̀ bí òkúta. Èkíní lè mú kí dókítà ronú kan awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, èkejì á mú kó sáré ronú kan ọkàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ "ó ń dùn wọ́n" kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ibi tí mo ti gbọ́ èdè yìí gan-an ni ẹ̀jẹ̀ gbígbà láàárọ̀, iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sá fún. Ẹni tí a ń gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ kì í dákẹ́.

Ẹ ò tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn, èyí tí a ń kọ ẹ̀kọ́ tí a máa ṣe lọ́hùn-ún sí, kí ilé ẹ̀kọ́ wa lè kà á sí wa. Ètò Erasmus, tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ lo sáà ní yunifásítì ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn, ti wà láti 1987, pọ́ìntì ẹ̀kọ́ 60 sì ni wọ́n ń kà fún ọdún kan, làwọn èèyàn bá rò pé pọ́ìntì kan náà ni níbi gbogbo. Òfin Àjọṣe Ilẹ̀ Yúróòpù ní kí ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó ọdún 5 ó kéré tán, kó sì tó wákàtí 5,500, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kan lè kó ohun gbogbo nípa ọkàn pọ̀ sójú kan, kí òmíràn fọ́n ọn sí ọdún mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọmọdé tí mo kọ sínú ìwé àdéhùn ti kún nígbà tí mo débẹ̀, mo sì mú èyí tó jọ ọ́. Olùkọ́ kan nílé ẹ̀kọ́ mi ní kò burú, lórí fóònù. Nígbà tí mo padà dé, wọn ò gbà á. Àkókò ìsinmi ni mo fi tún un ṣe. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀: ó yẹ kí n ti gba ìbuwọ́lùwé tuntun lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹni tó máa fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tètè ṣètò ni àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú B. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sábà máa ń gún un, láàárín oṣù mẹ́fà, kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ó mú. Ẹni tó ń lọ ní oṣù kẹsàn-án, oṣù kìn-ín-ní ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ o. Bí wọ́n bá ní kí n tún padà lọ́la, mà á lọ. Lọ́jọ́ tí màmá yẹn ń lọ sílé, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní kí n máa rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Èmi ni tiyín,
Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ọdún karùn-ún